Ìmọ́lẹ̀ Oòrùn àti Omi tí Epo Bàjẹ́

Ní Àjùwọ̀n, tí ó wà ní agbègbè Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ni ó ní kànga tàbí ẹ̀rọ tí ń fa omi láti abẹ́ ilẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni a ti ń gbọ́ ìró korobá lára ògiri kànga. Àwọn ọmọ ilé-ìwé a máa fa omi tí wọn yóò fi wẹ̀, àwọn ìyá a sì máa fa èyí tí wọn yóò fi dáná. Ohun kan wà níbẹ̀ tí àlejò kì í tètè fiyè sí. Odò Ògùn kò jìnnà sí wọn. Ní Akútè, tí ó bá Àjùwọ̀n pààlà, ni a ti ń fa omi odò náà lọ sí ilé-iṣẹ́ omi ti Ìjù, níbi tí a ti ń sẹ́ ẹ fún àwọn ará Èkó. Omi ńlá ń gba ẹ̀gbẹ́ ìlú kọjá, ṣùgbọ́n omi abẹ́ ilẹ̀ tí olúkúlùkù fi owó ara rẹ̀ gbẹ́ ni ọ̀pọ̀ ará ìlú gbójú lé. Bí omi yìí bá bàjẹ́, kò sí ẹni tí yóò tètè bá wọn tún un ṣe.

Kò sí ilé-iṣẹ́ ìfọpo ní Àjùwọ̀n. Nítorí náà ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀ràn omi tí epo bàjẹ́ jẹ́ ti àwọn ará Niger Delta nìkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Epo tí a ti fọ̀ kì í jókòó síbi tí a gbé fọ̀ ọ́. Láti Atlas Cove ní etí òkun Èkó ni a ti ri ọ̀pá ńlá mọ́lẹ̀ láti máa gbé bẹntiróòlù àti àwọn epo mìíràn lọ sí ibùdó epo Mosímì lẹ́bàá Ṣàgámù, ọ̀nà rẹ̀ sì gba abẹ́ ọ̀pọ̀ àdúgbò tí ènìyàn ń gbé. Ní Abúlé-Ẹ̀gbá, tí kò jìnnà sí Àjùwọ̀n, ọ̀pá epo gbiná ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006 lẹ́yìn tí àwọn olè ti dá ihò sí i lára, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sì bá a lọ. Èyí ni gbogbo ayé gbọ́. Ṣùgbọ́n ní Bàrúwà, ní agbègbè Alimosho, jàǹbá mìíràn ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, tí kò ní iná, tí kò sì ní ariwo. Láàárín ọdún 1990 sí 2000 ni àwọn ará àdúgbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí pé omi kànga wọn ń rùn bí epo. Epo ti ń jò láti inú ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀, ó sì ti rọra rìn títí ó fi kan omi. Ọ̀pọ̀ kànga di ohun tí a pa tì. Ẹni tí omi wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ di ẹni tí ń ra omi mu.

Àwọn àgbà a máa wí pé epo kì í bá omi rẹ́. Bí a bá da kẹrosíìnì díẹ̀ sínú abọ́ omi, a ó rí i pé yóò léfòó, yóò sì tẹ́ pẹrẹsẹ sórí omi náà. Ẹni tí ó bá ní sùúrù lè fi ṣíbí bù ú kúrò díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní sí nǹkan kan tí ojú lè rí mọ́. Níbẹ̀ gan-an ni ojú ti ń tan ènìyàn jẹ. Epo rọ̀bì kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Àkópọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èròjà ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìwà tirẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò fẹ́ràn omi, ṣùgbọ́n àwọn kan ń yọ́ nínú rẹ̀ bí iyọ̀ ti ń yọ́ nínú ọbẹ̀. Benzene, tí ó wà nínú bẹntiróòlù, jẹ́ ọ̀kan: gíráàmù 1.8 rẹ̀ lè yọ́ nínú lítà omi kan. Phenol ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà jíjìn, nítorí lítà omi kan lè gba gíráàmù rẹ̀ tí ó lé ní 80 mọ́ra. Omi tí wọ́n wà nínú rẹ̀ sì lè mọ́ gaara bí omi òjò.

Benzene a máa fa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Òdiwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ ni pé kò yẹ kí ó ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú lítà omi mímu kan. Ní ọdún 2011, nígbà tí ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń rí sí àyíká gbé ìwádìí rẹ̀ lórí ilẹ̀ Ògóni jáde, ó ròyìn pé ní Nisisioken Ogale, lẹ́bàá ọ̀pá epo kan, epo tí a ti fọ̀ léfòó lórí omi abẹ́ ilẹ̀, tí ó sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Benzene inú omi kànga tí àwọn ará ibẹ̀ ń mu sì fi ìlọ́po tí ó lé ní 900 ju òdiwọ̀n yìí lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìtàn Ogale àti ti Bàrúwà kò pọ̀.

Ohun tí a mọ̀ láti fi tún omi ṣe nínú ilé kò lágbára lórí irú omi bẹ́ẹ̀. Álọ́ọ̀mù a máa kó ẹrẹ̀ jọ, a sì mú un rì sí ìsàlẹ̀ kòkò, ṣùgbọ́n kò ní ọwọ́ tí yóò fi mú ohun tí ó ti yọ́ sínú omi. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi kò lè dá a dúró. Bí ó ṣe ti sísè, a máa pa kòkòrò àìfojúrí. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé omi tí bẹntiróòlù wà nínú rẹ̀ ka iná, oró náà yóò bá oru omi dìde, ẹni tí ń dáná ni yóò sì fà á símú, ká má tilẹ̀ sọ ti ewu pé kí ó gbiná. Àwọn kan a máa fi omi sínú ìgò tí ó mọ́ gaara, wọn a sì gbé e sínú oòrùn. Ọgbọ́n rere ni èyí. Aftim Acra àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Beirut, ní ilẹ̀ Lẹ́bánónì, ni wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1980 pé oòrùn wákàtí mélòó kan tó láti pa kòkòrò àrùn inú irú ìgò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò ni oòrùn ń pa níbẹ̀. Bí phenol bá wà nínú ìgò náà, inú rẹ̀ ni yóò sùn. Kí oòrùn tó lè rí ti phenol ṣe, ó ń fẹ́ alárinà.

Kí a tó sọ ti alárinà náà, ó yẹ kí a mọ bí omi ẹlẹ́gbin ti ń jáde láti ilé-iṣẹ́ ìfọpo, nítorí níbẹ̀ ni iṣẹ́ títún irú omi yìí ṣe ti pọ̀ jù. Epo rọ̀bì kì í jáde láti inú ilẹ̀ ní mímọ́; iyọ̀ àti iyanrìn a máa bá a wá. Omi ni a fi ń fọ iyọ̀ yìí kúrò. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi iná ńlá se epo náà, a ó sì fẹ́ oru omi gbígbóná sí i kí bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti dísẹ́ẹ̀lì lè ya ara wọn. Omi mìíràn sì wà tí ń tu àwọn ẹ̀rọ lára. Àwọn onímọ̀ ti ṣe ìṣirò pé omi ẹlẹ́gbin tí ń tinú iṣẹ́ yìí jáde lè tó ìdá méjì nínú márùn-ún epo tí a fọ̀, ó sì lè pọ̀ tó epo náà lọ́nà kan àti ààbọ̀. Nàìjíríà ní ilé-iṣẹ́ ìfọpo àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Alesa-Eleme lẹ́bàá Port Harcourt ní ọdún 1965. Ti Warri tẹ̀ lé e ní 1978, ti Kàdúná sì tẹ̀ lé ti Warri ní 1980. Fún ìgbà pípẹ́ kò sí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni a ṣí ti Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú epo jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Àgbá 650,000 lójúmọ́ ni a kọ́ ọ láti fọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú ìṣirò tí ó kéré jù nínú èyí tí a sọ lókè yìí fún ilé-iṣẹ́ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀, yóò rí i pé omi tí a ní láti tún ṣe yóò tó àgbá 260,000 lójoojúmọ́.

A kì í da irú omi bẹ́ẹ̀ sí odò bẹ́ẹ̀ ṣáá. A ó kọ́kọ́ dà á sínú àgbàrá ńlá tí a fi kọnkéré mọ, a ó sì jẹ́ kí ó rọra máa lọ. Epo yóò léfòó, a ó sì gbá a kúrò lójú omi. Ẹrẹ̀ yóò rì, a ó sì kó o kúrò nísàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí a ó fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà láti ìsàlẹ̀, kí àwọn ìfóófòó kéékèèké lè gbé epo wẹ́wẹ́ tí ó kù gòkè. Nígbà náà ni a ó fi í lé kòkòrò àìfojúrí lọ́wọ́. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀tá. Epo ni oúnjẹ wọn, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ bí ìjàpá ti ń jẹ ẹ̀bẹ. Ṣùgbọ́n kòkòrò pẹ̀lú mọ ohun tí kò ṣeé jẹ. Bí phenol bá pọ̀ jù, yóò pa wọ́n. Àwọn èròjà kan sì wà tí wọn kì í fẹ́ fi ẹnu kàn rárá.

Àṣẹ́kù yìí ni wàhálà. Ó kéré, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a lè fojú tẹ́ńbẹ́lú. Bí phenol díẹ̀ kíún bá bọ́ sínú odò tí a ti ń fa omi mímu, klórínì tí ilé-iṣẹ́ omi ń fi pa kòkòrò yóò bá a dàpọ̀, omi tí ó mọ́ lójú yóò sì máa rùn bí Izal lẹ́nu ẹni tí ó mu ún. Nítorí àṣẹ́kù yìí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe yíjú sí oòrùn.

Alárinà tí wọ́n rí wà lára ògiri ilé. Bí a bá fi ọwọ́ ra ògiri tí a ti fi ọ̀dà funfun kùn láti ọdún pípẹ́, ní apá ibi tí oòrùn ti ń pa á jù, ìyẹ̀fun funfun yóò lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ẹni bí àtíkè. Àwọn ọmọdé a máa fi í kun ojú ara wọn, àwọn ìyá a sì máa bá wọn wí nítorí aṣọ ilé-ìwé. Ìyẹ̀fun náà ni titanium dioxide, èyí tí ń mú ọ̀dà funfun. Kì í ṣe ogbó lásán ni ó mú ọ̀dà náà ṣí. Nígbà tí oòrùn pa ìyẹ̀fun yìí, ìyẹ̀fun náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ohun tí ó so ọ̀dà pọ̀ mọ́ ògiri run díẹ̀díẹ̀, títí òun fúnra rẹ̀ fi wà láìní ohun tí ó dì í mú. Ohun tí ó jẹ́ ìbànújẹ́ fún onílé ni ó di ìrètí fún ẹni tí ń tún omi ṣe. Bí ìyẹ̀fun náà bá lè jẹ ara ọ̀dà, kí ni kò ní jẹ́ kí ó jẹ phenol?

Bí ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà nìyí. Nínú gbogbo ohun tí ó wà láyé ni àwọn horo tín-ín-tìn-ín kan wà tí a ń pè ní electron. Olúkúlùkù wọn ní àyè tirẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ ti ní ìjókòó tirẹ̀ nínú kíláàsì. Nígbà tí ìtànṣán oòrùn tí ó lágbára tó bá bá titanium dioxide, yóò gbá electron kan kúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Ìjókòó náà yóò ṣófo, òfìfo yìí sì ń wá ohun tí yóò fi dí ara rẹ̀ lójú méjèèjì. Omi ni ó súnmọ́ ọn jù, nítorí náà yóò já electron gbà lọ́wọ́ omi. Omi tí a jà lólè báyìí kì í ṣe omi mọ́. Ó ti di ohun kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní hydroxyl, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó rorò jù lọ tí a lè rí nínú omi. Kò ní ẹ̀mí gígùn. Kí a tó ṣẹ́jú ni ó ti ṣe tirẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀nba ìgbà tí ó fi wà, ohunkóhun tí ó bá kàn ni yóò gba electron lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá kan phenol, yóò já a. Òmíràn yóò tún já èyí tí ó kù, títí phenol yóò fi di omi lásán àti carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí síta. Electron tí a gbá kúrò níjókòó kò sì ṣòfò. Ọ́síjìn tí ó yọ́ sínú omi ni yóò gbà á, òun pẹ̀lú yóò sì darapọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà.

Ìyẹ̀fun náà kò ní dín kù ní ìparí gbogbo rẹ̀. Èyí ni ó jẹ́ kí orúkọ alárinà yẹ ẹ́. Nínú ìgbéyàwó, alárinà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín ìdílé méjèèjì. Bí kò bá sí òun, ọ̀rọ̀ náà lè má ṣeé ṣe, tàbí kí ó pẹ́ títí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìgbéyàwó kì í ṣe òun ni ó ń gbé ìyàwó lọ sílé. Ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, ó sì ṣe tán láti lọ ṣe ti ẹlòmíràn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó jẹ́ kí ayé kíyè sí agbára yìí. Ní ọdún 1967, Akira Fujishima, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Tokyo ní ilẹ̀ Japan, fi titanium dioxide sínú omi, ó sì tan ìmọ́lẹ̀ líle sí i. Ìfóófòó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ara rẹ̀: ìmọ́lẹ̀ ń ya omi sí ọ́síjìn àti háídírójìn. Òun àti ọ̀gá rẹ̀, Kenichi Honda, gbé ọ̀rọ̀ náà jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí ń jẹ́ Nature ní ọdún 1972. Ìgbà tí epo rọ̀bì wọ́n gógó ní ọjà àgbáyé ní ọdún 1973, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé háídírójìn tí yóò rọ́pò epo ni èrè iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1977, Steven Frank àti Allen Bard ní Yunifásítì Texas ní Amẹ́ríkà fi í sí ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi ìyẹ̀fun náà àti ìmọ́lẹ̀ ba cyanide jẹ́ nínú omi. Láti ìgbà náà ni títún omi ṣe ti di apá pàtàkì nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Ìdánwò kan wà tí àwọn olùkọ́ a máa fi ṣe àfihàn rẹ̀ ní yàrá sáyẹ́ǹsì. Aró aláwọ̀ búlúù tí ń jẹ́ methylene blue ni wọ́n ń lò, kí ojú lè rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀. A ó bu omi aró náà sínú ìgò mẹ́ta. A ó fi ìyẹ̀fun sínú ìgò kìíní, a ó sì gbé e sínú oòrùn. A ó fi ìyẹ̀fun sínú ìkejì, ṣùgbọ́n a ó fi aṣọ dúdú wé e. Ìkẹta kò ní ní ìyẹ̀fun. Oòrùn nìkan ni a ó jẹ́ kí ó rí. Nígbà tí a bá padà dé, àwọ̀ aró inú ìgò kìíní yóò ti lọ. Ti ìkejì yóò ṣì wà, bí ó tilẹ̀ lè ṣá díẹ̀, nítorí díẹ̀ nínú aró náà yóò lẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun lára. Ti ìkẹta yóò ṣá díẹ̀ pẹ̀lú, nítorí oòrùn a máa pá aró fúnra rẹ̀, bí gbogbo ẹni tí ń sá aṣọ ti mọ̀. Ẹni tí ó bá ṣe ìgò kìíní nìkan, tí ó sì sọ pé òun ti mọ agbára ìyẹ̀fun, kò tíì mọ nǹkan kan.

Bí ọ̀rọ̀ ti dára tó yìí, èétiṣe tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ìfọpo kò fi ju ọ̀nà ìgbà àtijọ́ nù? Ìdí rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ ní ìpìlẹ̀: ìmọ́lẹ̀ kì í tètè dé ibi tí a ń fẹ́ ẹ.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ní àwọ̀ púpọ̀, bí òṣùmàrè ti ń fi hàn. Lẹ́yìn àwọ̀ elésè àlùkò tí ó wà ní òpin òṣùmàrè ni ìtànṣán kan tún wà tí ojú kò rí, tí a ń pè ní ultraviolet. Òun nìkan ni ó lágbára tó láti gbá electron inú titanium dioxide kúrò níjókòó, kò sì ju ìdá mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ìyókù ṣòfò. Ẹni tí ó bá ronú yóò rí i pé funfun ìyẹ̀fun náà gan-an ni àbùkù rẹ̀, nítorí ohun tí ó funfun ni ohun tí ó dá gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ojú rí padà láìlò ó. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń wá ìyẹ̀fun tí ó ní àwọ̀. Ní ọdún 2001, àwọn olùwádìí kan ní Japan po nítírójìn mọ́ titanium dioxide. Ó di ìyeyè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tí ojú lè rí. Ní 2009, òmíràn tún jáde, carbon nitride, tí òun pẹ̀lú jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè.

Omi náà pẹ̀lú a máa dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Omi tí ó dúdú nítorí epo kò ní jẹ́ kí oòrùn wọlé jìnnà. Èyí ni ó fi jẹ́ pé a kò lè fi iṣẹ́ yìí ṣe àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tí a bá ti gbá epo kúrò tí kòkòrò sì ti jẹ tirẹ̀ ni ààyè rẹ̀ tó dé. Nígbà mìíràn nìkan, bí phenol bá pọ̀ tó ohun tí yóò pa kòkòrò, ni a ń fi í ṣáájú wọn láti bá wọn já èyí tí ó le jù sí wẹ́wẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe bí a bá ti da ìyẹ̀fun púpọ̀ sí i ni iṣẹ́ yóò ti yá tó. Bí gíráàmù kan nínú lítà omi kan ni a sábà ń lò. Bí a bá fi púpọ̀ kún un, omi yóò funfun bí ẹ̀kọ mímu, ìyẹ̀fun tí ó wà lókè yóò sì ṣíji bo èyí tí ó wà nísàlẹ̀.

Ewu kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò. Phenol kì í di omi àti afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú ọ̀nà, ó ń di àwọn nǹkan mìíràn, hydroquinone sì wà nínú wọn, èyí tí àwọn tí ń bóra ń wá kiri nínú ìpara. Fún ẹja, hydroquinone burú ju phenol lọ. Nítorí náà bí ìkùukùu bá dé tí a sì dá iṣẹ́ dúró láàárín méjì, omi tí a dà sí odò lè léwu ju èyí tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ. Oṣù Keje àti Ìkẹjọ ní ilẹ̀ Yorùbá kò ṣe àjèjì sí ìkùukùu, bẹ́ẹ̀ ni eruku ọyẹ́ a máa bo oòrùn lójú.

Ọ̀ràn ìkẹyìn ni bí a ó ti kó ìyẹ̀fun náà jáde. Ó kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí yóò gba inú aṣọ asẹ́ kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Àwọn kan lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí tàbí yanrìn, kí omi lè máa ṣàn lé e lórí. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun tí ó jókòó sójú kan kì í kan omi tó èyí tí ń lúwẹ̀ẹ́. Ní Durban University of Technology ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn olùwádìí tí wọ́n dán ọ̀nà yìí wò lára omi ilé-iṣẹ́ ìfọpo so ìyẹ̀fun náà pọ̀ mọ́ èròjà irin, kí òòfà lè fà á jáde nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ọgbọ́n tí ó mọ́gbọ́n wá ni. Ní Almería, ní gúúsù ilẹ̀ Spéènì, níbi tí oòrùn ti pọ̀, ibùdó ńlá kan wà tí a ti ń dán títún omi ṣe pẹ̀lú oòrùn wò láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Níbẹ̀, omi ń kọjá nínú ọ̀pá dígí, àwọn páànù tí a tẹ̀ kọdọrọ tí wọ́n ń dán bí dígí ìwojú sì ń da oòrùn bo ọ̀pá náà láti iwájú àti láti ẹ̀yìn.

Bí a bá wá padà sí irú kànga tí ó bàjẹ́ ní Bàrúwà, a ó rí i pé iṣẹ́ ibẹ̀ le ju ti ilé-iṣẹ́ ìfọpo lọ ní ọ̀nà kan. Omi ilé-iṣẹ́ wà lókè ilẹ̀, nínú àgbàrá tí a mọ. Omi Bàrúwà wà ní abẹ́ ilẹ̀, oòrùn kò sì dé ibẹ̀ láéláé. A ní láti kọ́kọ́ dí ibi tí epo ti ń jò, nítorí bí èyí kò bá ṣe é ṣe, gbogbo làálàá ìyókù dà bí ẹni tí ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ tí ó lu. Lẹ́yìn náà ni a ó fa epo tí ó léfòó jáde, tí a ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí omi náà kí benzene lè fò lọ. Àṣẹ́kù tí kò fò, tí kòkòrò kò sì jẹ, ni ti oòrùn àti alárinà rẹ̀. Omi tí ẹ̀rọ bá fà jáde ní òwúrọ̀ lè kọjá nínú ọ̀pá dígí kí oòrùn tó wọ̀. Èyí tí ó bá fà jáde ní ìrọ̀lẹ́ yóò wà nínú táǹkì títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.